Fóònù ní 36 ni, kí ló wá pa ọ́kíìdì mi?

Ìbéèrè tí àǹtí kan fi ránṣẹ́ láti Katy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ní Texas, nìyí: "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Òdòdó ọ́kíìdì (orchid) mẹ́fà ni mo ní, mẹ́ta wà nínú ìkòkò ní faránda, mẹ́ta ni mo so mọ́ igi ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé. Mo tún gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ewúro, efinrin, àti máńgòrò kékeré kan. Nígbà tí wọ́n ní òtútù ń bọ̀ ní Jánúárì, mo fi náílọ́ọ̀nù wé gbogbo ẹ̀, mo so ó pinpin, fóònù mi sì ní dìgírì 36 Fahrenheit ló máa dé, kò tiẹ̀ ní dé 32 tí omi fi ń dì. Ilẹ̀ mọ́, ewé ọ́kíìdì ti dúdú, ó ti rọ̀, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí bíi pé wọ́n fi iná jó o. Aládùúgbò mi ní omi ló yẹ kí n máa fín sí wọn lára mọ́jú bíi tàwọn àgbẹ̀ Florida, ọmọ mi ní kí n kó wọn sí gáréèjì kí n tan hítà kẹrosíìnì. Èwo ni kí n ṣe tí òtútù míì bá dé? Ṣé kí n kó àwọn tó dúdú yẹn dànù ni?"

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó ti lé lọ́dún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń ta igi àti òdòdó ní Houston níbí, mi ò tíì rí wíńtà kan kó kọjá kẹ́nì kan má gbé ewé dúdú wá bá mi nínú náílọ́ọ̀nù bí ẹni gbé òkú adìẹ. Ohun tó ń dùn yín jù, bí mo ṣe gbọ́ ọ, kì í ṣe pé òtútù pa nǹkan yín, ó jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe lẹ ṣe, ẹ wo fóònù, ẹ wé e, ẹ so ó, síbẹ̀ ó kú. Ibi tó ti wọ́ ni pé aṣọ tàbí náílọ́ọ̀nù ò ní ooru kankan fúnra ẹ̀. Ibòmíì ló ti máa rí ooru tó máa mú dání, tẹ́ ẹ bá wá wé e lọ́nà tí ooru yẹn ò fi rọ́nà wọlé, òtútù lẹ dì pọ̀ mọ́ ewé yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ 36 yìí. Nọ́ńbà orí fóònù, ẹ̀yìnkùlé yín kọ́ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ìṣirò fún gbogbo àdúgbò ni, ohun tí wọ́n sì ń ṣírò ni bí atẹ́gùn ṣe tutù tó níbi tó ga tó èèyàn nílẹ̀, kì í ṣe bí ewé ṣe tutù tó. Lóru tójú ọ̀run bá mọ́ kedere, tí atẹ́gùn ò fẹ́ rárá, gbogbo nǹkan tó wà nílẹ̀ ló ń tú ooru ara ẹ̀ sókè, ilẹ̀ ń tú u, òrùlé ń tú u, ewé náà ń tú u, ewé sì fẹ́lẹ́, ooru tó ní ò pọ̀, kíá ló máa tutù ju atẹ́gùn tó yí i ká lọ. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí ìrì tó ti dì lórí gíláàsì mọ́tò láàárọ̀ nígbà tí fóònù ní 36 tàbí 37, tẹ́ ẹ fi máa ń fi káàdì báǹkì ha á kẹ́ ẹ tó lè lọ síbi iṣẹ́. Ohun tó bọ́ sórí gíláàsì yẹn náà ló bọ́ sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín. Ẹ ra tẹmómítà tó ń rántí ibi tó tutù dé lóru, kò wọ́n, kẹ́ ẹ gbé e sáàárín àwọn ìkòkò gan-an. Nọ́ńbà kejì tí fóònù máa ń kọ, tó ní "feels like" yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún ara yín, àwa èèyàn la ní ooru lára tí atẹ́gùn lè gbọ̀n dànù. Ewé ò ní. Atẹ́gùn lè jẹ́ kó tètè tutù, ó lè gbẹ omi ara ẹ̀, àmọ́ kò lè mú un tutù ju bí atẹ́gùn fúnra ẹ̀ ṣe tutù lọ.

Ohun kejì ni 32 yẹn. Omi ló ń dì ní 32, ọ́kíìdì kì í dúró dè é. Ẹ rántí epo pupa nílé lásìkò ọyẹ́, láàárọ̀ kùtù ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì, epo ti dì gbagidi, àfi kẹ́ ẹ gbé e sóòrùn kó tó lè ṣàn, bẹ́ẹ̀ òróró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń ṣàn bí omi. Ọyẹ́ yẹn ò sì sún mọ́ ibi tí omi ti ń dì rárá. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ewé, ọ̀rá wà nínú ẹ̀. Ti igi ilẹ̀ tútù dà bí òróró, kì í tètè le, ti igi ilẹ̀ gbígbóná dà bí epo pupa. Tó bá ti le, á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, omi inú sẹ́ẹ̀lì á máa jáde, ewé á ní ojú kòtò-kòtò, á pọ́n, á wá dúdú, nígbà míì á tó ọjọ́ méjì mẹ́ta kójú tó rí i. Èyí tó dì gan-an yàtọ̀ o. Omi inú ewé á di yìnyín, yìnyín á fa sẹ́ẹ̀lì ya, tó bá wá yọ́, ewé á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀. Tiyín rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò dúró ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà pé yìnyín wọ inú ẹ̀, pàápàá níbi tí náílọ́ọ̀nù ti lẹ̀ mọ́ ọn. Náílọ́ọ̀nù á tutù bí òde ṣe tutù, ewé tó bá ti fara kàn án, ooru tó kù lára ẹ̀ á gba ibẹ̀ jáde tààrà.

Ọ́kíìdì ò sì rí bákan náà, ìdílé ńlá ni, irú ẹ̀ lé ní 25,000, fanílà tí wọ́n ń fi sí áísìkirìmù gan-an ọ̀kan nínú wọn ni. Èyí tí wọ́n ń tà ní sùpámákẹ́ẹ̀tì, tí òdòdó ẹ̀ dà bíi labalábá, Phalaenopsis ni, ajẹ̀bọ́tà ni, 60 lálẹ́ ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, tó bá ti ń lọ sábẹ́ 50 ìjàngbọ̀n ti dé. Vanda, tí gbòǹgbò ẹ̀ ń fì nínú afẹ́fẹ́, èmi kì í jẹ́ kó rí ìsàlẹ̀ 55. Cattleya le díẹ̀, tí ìdí ẹ̀ bá gbẹ, ó lè fara da 40 fún wákàtí díẹ̀. Cymbidium ní tiẹ̀ fẹ́ òtútù, tí kò bá rí alẹ́ tútù kò ní tanná dáadáa, mo máa ń fi sílẹ̀ lóde títí yóò fi ku díẹ̀ kó dé 32. Nítorí náà tí ọ̀rẹ́ yín bá ní òun ò wọ́ ọ́kíìdì òun wọlé, ohunkóhun ò sì ṣe é, ẹ bi í pé irú wo ni. Phalaenopsis náà, ẹ má sáré gbé e wọlé ní Ọkutóbà tí alẹ́ bá kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin tí alẹ́ bá wà ní bíi 60 sí 65 ló ń jẹ́ kó yọ ọ̀pá òdòdó. Àwọn tó gbé e pa mọ́ sínú yàrá 75 látìgbà tí wọ́n ti rà á ni wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí kò tanná mọ́.

Ní ti mẹ́ta tẹ́ ẹ so mọ́ igi, mo mọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i, fídíò àwọn ará Miami ni. Ó dáa níbẹ̀, òtútù gidi kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn, tó bá tiẹ̀ dé bíi 40, aláǹgbá ńlá tí wọ́n ń pè ní iguana ló ń já bọ́ lórí igi bí èso, á sùn sílẹ̀ gbalaja, tóòrùn bá yọ á dìde lọ. Houston ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wa sì ń pe ọ́kíìdì orí igi ní àfòmọ́, wọ́n á ní igi ló ń bọ́ ọ, igi á bá a gbé òtútù. Rárá o. Àfòmọ́ gidi ló ń ti gbòǹgbò bọ inú igi láti mu omi ẹ̀. Ọ́kíìdì jókòó lásán ni, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ igi, igi náà ò fún un ní nǹkan kan. Gbòǹgbò ẹ̀ wà níta gbangba, kò ní ilẹ̀ tó máa mú un lọ́wọ́ọ́rọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ilẹ̀ nídìí, ewúro ní ilẹ̀ nídìí, ọ́kíìdì orí igi ò ní. Ẹ wé e ní náílọ́ọ̀nù nígbà ẹgbẹ̀rún, kò síbi tí ooru máa gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ tú wọn kúrò lórí igi, ẹ so wọ́n mọ́ pákó kékeré tàbí sínú apẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi kọ́ igi nígbà ooru, tẹ́ ẹ sì lè já wọlé láàárín ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n bá kéde òtútù.

Ooru tí aṣọ ń mú, láti inú ilẹ̀ ló ti ń wá. Oòrùn ló wọnú ilẹ̀ lọ́sàn-án, òun ló ń jáde lóru. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bo igi, aṣọ náà gbọ́dọ̀ balẹ̀ yíká, kẹ́ ẹ fi bíríkì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó dúró bí àgọ́, kó má fara kan ewé bó bá ṣeé ṣe, ẹ ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀ kó gbé e dúró. Èyí tí mo máa ń rí ní àdúgbò ni pé wọ́n á da kúbùsù bo orí igi, wọ́n á wá so ó mọ́ ọrùn ẹ̀ bíi gèlè. Ooru ilẹ̀ á dé ìdí gèlè, á bá tiẹ̀ lọ. Aṣọ pàtàkì tí wọ́n ń tà fún òtútù dáa ju bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, kò wúwo, omi kì í dúró lára ẹ̀, àmọ́ ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu, èyí tó fẹ́lẹ́ á fi bíi dìgírì méjì mẹ́ta kún un, èyí tó nípọn lè tó mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ bu omi sí ilẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú, ilẹ̀ tútù ń mú ooru dání ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ (inú ìkòkò ọ́kíìdì kọ́ o, tiyẹn ẹ jẹ́ kó gbẹ). Gílóòbù Kérésìmesì àtijọ́, àwọn tó máa ń gbóná bí ẹ bá dì í mú, tẹ́ ẹ bá tàn án sábẹ́ aṣọ á ṣèrànwọ́ dáadáa, kó ṣáà má fara kan aṣọ, àwọn LED ìsinsìnyí, ìmọ́lẹ̀ lásán ni, wọn ò ní ooru. Tóòrùn bá ti yọ tó sì ti kọjá 40, ẹ ṣí i. Náílọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ bá gbàgbé sórí ewé di ọ̀sán, oòrùn á se ohun tí òtútù ò rí pa.

Àmọ́ gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, fún òru tó dákẹ́ ni. Òtútù kan tún wà tó jẹ́ atẹ́gùn ló ń gbé e wá láti àríwá, bíi ti ìparí Dìsẹ́ńbà 2022, ó ń fẹ́ wùùù mọ́jú, ó ń wọ abẹ́ aṣọ, ó ń kó gbogbo ooru tó ti ilẹ̀ jáde lọ. Níbẹ̀, aṣọ ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀ ń tàn yín. Ní Fẹ́búárì 2021 ńkọ́, ó dé 13 ní pápákọ̀ òfurufú Bush Intercontinental lọ́jọ́ 16, òtútù ò sì lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, iná tún lọ nínú ilé. Èmi tí mò ń kọ èyí, tí mo pe ara mi ní ọ̀gá, Vanda mẹ́sàn-án ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ nínú pálọ̀ mi, kì í ṣe lóde. Àwọn Phalaenopsis tí mo kó sínú bálùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé, tí mo bu omi gbígbóná kún bááfù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nígbà tí sítóòfù gáàsì ṣì ń jó, púpọ̀ nínú wọn yè. Nǹkan tó ń pa igi kì í ṣe bó ṣe tutù tó nìkan, bó ṣe pẹ́ tó wà níbẹ̀. Wákàtí kan ní 30 àti wákàtí mẹ́wàá ní 30, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lórí fóònù.

Aládùúgbò yín tó ní kẹ́ ẹ fín omi, kò parọ́, àwọn àgbẹ̀ Florida ń ṣe é lóòótọ́ fún ọsàn àti strawberry. Omi tó bá ń dì máa ń tú ooru sílẹ̀, tí omi míì bá ń bọ́ lé e láìdúró, ewé inú ẹ̀ á wà ní 32 gbọnrangandan, ọsàn lè fara da ìyẹn. Àmọ́ omi ò gbọ́dọ̀ dá fún ìṣẹ́jú díẹ̀ pàápàá, títí yìnyín máa fi yọ́ láàárọ̀ ni, tí páńpù bá dákẹ́ láago mẹ́rin òru, ó burú ju kẹ́ ẹ má fín in rárá lọ. Atẹ́gùn tún lè yí i dà. Àti pé 32 tí wọ́n fi ń gba ọsàn là, 32 yẹn kan náà ló ti pa ọ́kíìdì yín. Ẹ má ṣe é.

Ọ̀rọ̀ gáréèjì, bẹ́ẹ̀ ni, ó dáa fún òru kan sí méjì. Hítà kẹrosíìnì ni mi ò fọwọ́ sí. Lọ́dún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kó Phalaenopsis mẹ́rìnlá sí gáréèjì, gbogbo wọn ló ti yọ ọ̀pá, tí ọmú òdòdó (òdòdó tí kò tíì là) wà lára ẹ̀ bíi ìlẹ̀kẹ̀, Falentáìnì ni mo ń retí kí n tà wọ́n. Mo tan hítà. Kò tutù rárá, tẹmómítà ò lọ sábẹ́ 62. Lọ́jọ́ kejì mo dé ibẹ̀, ọmú òdòdó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, mo kàn fọwọ́ kan ọ̀pá kan, wọ́n bá ń bọ́ lulẹ̀ pàtìpàtì lórí kọnkéré. Mo rò pé òtútù ni, mo tún wá fi kún iná. Nígbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé èéfín ni. Iná tí kò jó dáadáa máa ń tú gáàsì kan jáde tí wọ́n ń pè ní ethylene, òun náà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n ń tú jáde, ìdí tí àwọn ìyá wa fi máa ń di ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àpò kó lè tètè pọ́n. Ọmú ọ́kíìdì tó bá fa díẹ̀ símú, á rò pé ọjọ́ ogbó òun ti pé. Nítorí náà ẹ má gbé ọ́kíìdì tó ní òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ èso ní kíṣìnì náà. Ti òdòdó ṣì kéré o, èéfín tí ẹ ò lè gbóòórùn ẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń pa èèyàn, ní 2021 yẹn nínú Houston níbí, àwọn tó jókòó sínú mọ́tò nínú gáréèjì, tó tan jẹnẹrétọ̀ tàbí tó dáná èédú nínú ilé torí òtútù, àwọn kan nínú wọn ò jí. Hítà oníná mànàmáná tó ní fáànù ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ má kọ ojú ẹ̀ sí ewé.

Èmi tó bá jẹ́ pé ilé yín ni, ọ́kíìdì mẹ́fà ò pọ̀, inú ilé ni gbogbo wọn máa sùn tí wọ́n bá ti kéde ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ 50 (55 tí Vanda bá wà nínú wọn). Ẹ fi wọ́n sítòsí fèrèsé tóòrùn ń wọ̀, kí ewé má kan gíláàsì lálẹ́, gíláàsì ń tutù gan-an. Ẹ yẹ ìdí ìkòkò wò kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé, mo ti rí èèrà tó gbé ìyàwó àti ọmọ wọ pálọ̀ èèyàn. Hítà ilé máa ń gbẹ afẹ́fẹ́, tí ewé bá ń hunjọ ẹ gbé ìkòkò sórí òkúta wẹ́wẹ́ nínú àwo tí omi wà nísàlẹ̀ ẹ̀, kí ìdí ìkòkò má kan omi.

Ti ewúro ẹ má yọra yín lẹ́nu, òkè ẹ̀ á kú, ìdí ẹ̀ á rú padà, ẹ kó ewé wẹ́wẹ́ tàbí koríko gbígbẹ lé e nídìí. Efinrin ò ní irú agídí yẹn, ẹ gé ẹ̀ka mẹ́ta mẹ́rin sínú ife omi ní ìparí Nòfẹ́ńbà, á ta gbòǹgbò lójú fèrèsé kíṣìnì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ mọ ohun táwọn àgbà wí, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ ẹ̀ rọ́pò, ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní Houston, àmọ́ ọmọ yẹn á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń tó oṣù mẹ́sàn-án sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó so, tí òtútù bá ń gé e lulẹ̀ lọ́dọọdún ewé mọ́ínmọ́ín nìkan lẹ máa rí. Tó bá jẹ́ èso ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ fẹ́ jẹ, ẹ gé ewé ẹ̀ kúrò kí òtútù tó dé, ẹ fi kúbùsù wé ara igi náà látilẹ̀ dé bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ẹ wá fi náílọ́ọ̀nù bo ìta ẹ̀ kójò má rin ín. Máńgòrò kékeré ló ṣòro jù láti dá sí nínú gbogbo ẹ̀, 30 lè gé e lulẹ̀. Ẹ wa yẹ̀pẹ̀ jọ sí i nídìí kó bo ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ (ibi tí wọ́n ti so ẹ̀ka igi kan mọ́ ìdí igi míì), kí òkè bá tiẹ̀ kú, ibi tó dáa á ṣì yè lábẹ́ ẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín, èmi ò gbin máńgòrò sílẹ̀ mọ́ lẹ́yìn 2021, inú ìkòkò oníkẹ̀kẹ́ ni tèmi wà.

Àwọn tó dúdú yẹn, ẹ má tíì dà wọ́n nù. Ẹ gbé wọn síbi ìbòòji, ẹ má fi ajílẹ̀ sí i, ẹ dín omi kù. Ewé tó bá ti ń jẹrà, ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ ẹ ti fi iná ra gé e dé ibi tó ṣì ní àwọ̀ ewé dáadáa. Ẹ wá wo gbòǹgbò. Èyí tó yè á le lọ́wọ́, á funfun bíi fàdákà, tẹ́ ẹ bá kán omi sí i á yí padà di àwọ̀ ewé lójú yín. Èyí tó ti kú, tẹ́ ẹ bá fìka fà á, awọ ẹ̀ á bọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, á wá ku fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Tó bá jẹ́ Phalaenopsis, tí àárín gbùngbùn tí ewé tuntun ti ń yọ bá ti rọ̀, ẹ̀mí ẹ̀ kù díẹ̀, torí ojú kan ṣoṣo ló fi ń dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti rí èyí tó yọ ọmọ látìdí. Cattleya ní ojú púpọ̀ nídìí, tí ọ̀kan bá yè á padà. Igi tó wà nílẹ̀, ẹ má gé nǹkan kan títí di ìparí Máàṣì, òtútù míì lè tún dé ní Fẹ́búárì, ewé òkú yẹn á ṣì bo ohun tó kù lábẹ́ ẹ̀. Ní ti máńgòrò, ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ látòkè wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá ti kọ́kọ́ rí àwọ̀ ewé lábẹ́ èèpo, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gé e.